Ohùn Bàbá wa wà lórí server ní Jámánì: báwo ni mo ṣe lè kó ẹ̀dà rẹ̀ wá sílé?

Ọmọ_Oníwàásí · Ọjà-Ọba, Ìlọrin

Àsàláámù alaekun, gbogbo ilé. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Alfa ni bàbá mi, kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ wọn. Wọ́n ṣe wàásí àti tafsírì fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń gbà á sí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti papò dà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìlú Ọba ní kí n máa gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wọ inú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Ó háyà server kékeré kan ní Jámánì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń lò láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, VPS ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ la kó gbogbo rẹ̀ sí: ohùn Bàbá, fọ́tò ìdílé, fọ́tò nìkáì àwa ọmọ. Ó ti tó 180 GB báyìí.

Káàdì ẹ̀gbọ́n mi ló ń sanwó rẹ̀. Ọjọ́ lọ lórí káàdì náà láìpẹ́ yìí, kò sì tètè mọ̀, ni ilé-iṣẹ́ tó háyà server fún wa bá tì í pa. A sanwó, ó ṣí padà, alhamdulillah. Àmọ́ inú lẹ́tà wọn ni mo ti kà á pé bí owó bá pẹ́ jù, wọ́n máa pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, àti pé oníbàárà ló ni iṣẹ́ backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, àwọn kọ́. Láti ọjọ́ náà, oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kùn mí.

Láàpútọ́ọ̀pù Windows ni mo ní. Ẹ mọ bí iná àdúgbò wa ṣe ń ṣe. Dátà náà ò pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kó gbogbo rẹ̀ wá sílé, tí mo sì máa lè máa kó èyí tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un?

Igbómìnà_Pọ́ńbélé · Òmù-Àrán

Wa alaekun salaamu. Kí Ọlọ́run kẹ́ Alfa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè, server wo lẹ tún fẹ́ ṣe backup rẹ̀? Ṣebí server fúnra rẹ̀ ni backup. Dísìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, RAID, bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé e. Jámánì kì í ṣe Òmù-Àrán tí òjò kan ṣoṣo lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ dà á sórí Google Drive, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣàngó_Terminal · Fátè, Ìlọrin

Bọ̀ọ̀dá Igbómìnà, ẹ má bínú, n ó ta kò yín.

Iṣẹ́ tí RAID ń ṣe ni pé bí dísìkì kan bá bàjẹ́, server ò ní dákẹ́. Ibẹ̀ ló mọ. Bí èèyàn bá ṣèèṣì pa fóldà rẹ́, orí dísìkì méjèèjì ló ti lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá sì ti account pa torí owó, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin yìí, dísìkì mẹ́wàá ò lè gbà á sílẹ̀.

Ti Jámánì tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn òyìnbó náà ń rí ìṣòro. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, 2021, ilé server OVHcloud kan gbiná ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Ilé tí wọ́n ń pè ní SBG2 jóná tán pátápátá, iná sì kan apá kan SBG1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára àwọn tó pàdánù fáìlì, àwọn kan ní backup o. Inú ọgbà kan náà ni backup ọ̀hún wà.

Google Drive: 15 GB ni wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò sì ń jẹ nínú rẹ̀. 180 GB ò lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ra àyè kún un, káàdì náà la tún padà sí. Ẹ ò rántí ìparí 2022 tí àwọn báńkì kan ní kí káàdì náírà má ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló ń wá ẹni tó ní káàdì dọ́là kiri nígbà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi arábìnrin wa ni pé, àwọn kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ńkọ́?

Ọmọ_Oníwàásí

Wọ́n wà nínú páálí, àmọ́ òmíràn ti lẹ̀ mọ́ra, òmíràn ń já bí mo bá ti fi sínú ẹ̀rọ. Fún àwọn tó ti já, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lórí server ló kù.

Alhaji_Kọ̀ǹpútà · Tánkẹ, Ìlọrin

Wa alaekun salaamu, ọmọ mi. Mo mọ ohùn bàbá rẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì wàásí lójú títì, bí ó bá jẹ́ ẹni tí mo rò ni. Bí kò bá sì jẹ́ òun, àdúrà kan náà ni.

Má ju kásẹ́ẹ̀tì kankan nù, èyí tó já pẹ̀lú. Wọ́n ṣì lè lẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ kan.

Ó dára, iṣẹ́ yá. Irinṣẹ́ tí o nílò ni rsync, tó ń kó fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Irinṣẹ́ àtijọ́ ni, 1996 ni Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé e jáde, títí di òní kò tíì sí èyí tí mo fọkàn tán tó o. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé tí dátà kò pọ̀ ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló máa kó gbogbo ẹrù. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò yẹ ọjọ́ àti ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó yí padà tàbí tó jẹ́ tuntun nìkan ló máa fà wálẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, wàá kàn tún àṣẹ náà pè ni, yóò máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé.

Lórí Windows 10 tàbí 11, ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, kọ wsl --install, kí o sì tún ẹ̀rọ tan. Ubuntu, tó jẹ́ irú Linux kan, yóò wọlé sórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ láìba Windows jẹ́. Inú ibẹ̀ ni wàá ti pe rsync. Bí èyí bá ń dẹ́rù bà ọ́, WinSCP wà tí o lè fi máa fa fáìlì látọ̀tún sósì, àmọ́ fún 180 GB, rsync ni kí o kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiẹ̀ o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ bá ń sáré ní megabit 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láì dúró rárá, wákàtí 80 ni 180 GB máa gbà. Bó bá jẹ́ megabit 20, wákàtí 20. Ta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í dúró ní Ìlọrin? Mo ní fáíbà ní ṣọ́ọ̀bù. Ra hard drive, gbé e wá, kí a fà á tán níbẹ̀, kí o wá máa fa èyí tó kù nílé.

Ìyá_Fọ́tò · Ọ̀fà

Alhaji, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ n dá sí i. Fọ́tò nìkáì wà níbẹ̀, fọ́tò àwọn obìnrin ilé tí wọn ò wé gèlè, tí wọn ò bo orí, wà níbẹ̀. Àbúrò mi, má kọ password server rẹ sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kankan, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù èmi gan-an. Gbé láàpútọ́ọ̀pù ara rẹ lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn nìkan ni kí o yá. Ọ̀nà SSH, tó ń ti ọ̀rọ̀ pa bó ṣe ń kọjá, ni rsync ń gbà, nítorí náà ohun tó ń kọjá lórí wáyà wọn, wọn ò lè kà á.

Alhaji_Kọ̀ǹpútà

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Ìyá Fọ́tò. Kò dùn mí rárá. Kó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá.

Igbómìnà_Pọ́ńbélé

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń ṣírò wákàtí 80, ẹ ń gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sí Tánkẹ. Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ìlú Ọba níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣàn bí omi. Kó fà á wálẹ̀ sórí hard drive méjì níbẹ̀, kó fi ọ̀kan pamọ́ sí yàrá tirẹ̀, kó gbé ìkejì dání bó bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá. Ó tán nìyẹn. Ẹran àgbò àti hard drive.

Ṣàngó_Terminal

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti san gbèsè ti RAID yẹn o! Ó dára gan-an. Bó bá gbé e dé, arábìnrin wa kàn máa darí rsync sí fóldà tó wà lórí drive náà ni. Yóò rí i pé fáìlì ti wà níbẹ̀, kò ní tún fà á. Kí ẹ̀gbọ́n ṣáà rí i pé ọjọ́ orí fáìlì kò yí padà nígbà tó ń kó wọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ rsync á rò pé gbogbo rẹ̀ ló ti yí padà. Lẹ́tà t inú àṣẹ rsync ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Drive náà kí wọ́n ṣe ìtò fáìlì (format) rẹ̀ sí NTFS, nítorí pé ìtò FAT32 kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá ju 4 GB lọ.

Ẹ má tan ara yín ra flash "2TB" olówó pọ́ọ́kú o. Ó kún ìgboro. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe kó máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ máa kó fáìlì sí i, kò ní ráhùn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i lẹ máa tó mọ̀ pé 32 GB péré ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìyókù ti ń kọ lé ara wọn lórí. H2testw wà fún Windows, f3 wà fún Linux. Ẹ fi dán drive tuntun wò kí ohùn Alfa tó débẹ̀.

Ọmọ_Oníwàásí

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ó gbà. Àmọ́ Iléyá ṣì jìnnà, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn Bàbá nìkan ná, kí fọ́tò dúró de ẹ̀gbọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àṣẹ náà gan-an? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi --delete sí i kí tilé lè bá tòkè dọ́gba.

Ìyá_Fọ́tò

Má fi --delete sí i o! Fọ́tò ni mo ń tà jẹun, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tí --delete ń ṣe ni pé ohunkóhun tó bá ti kúrò lórí server, yóò pa á rẹ́ nílé pẹ̀lú. Bí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọ server, tó gbá gbogbo rẹ̀ mọ́, ìwọ náà á jí láàárọ̀, wàá pe rsync, wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ gbá tilé mọ́. Kí lo wá fi pamọ́?

Ṣàngó_Terminal

Ìyá wa, mo gbà fún yín dé ìdajì. Bí kò bá sí --delete, gbogbo fáìlì tí wọ́n bá ti yí orúkọ rẹ̀ padà lókè á di méjì nílé, mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún kan, kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ìdàrúdàpọ̀ náà ń pa fáìlì, díẹ̀díẹ̀ ló kàn ń pa á.

Ìyá_Fọ́tò

Èyí tó di méjì sàn ju èyí tí kò sí lọ.

Ṣàngó_Terminal

Ẹ gbọ́, mi ò sọ pé…

Alhaji_Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Ohun tí Ìyá Fọ́tò ń bẹ̀rù àti ohun tí Ṣàngó ń bẹ̀rù, rsync ti ní ìdáhùn sí i. --backup-dir ni. Bó o bá lò ó pẹ̀lú --delete, fáìlì tó yẹ kó pa rẹ́ tàbí èyí tó fẹ́ kọ tuntun lé lórí, kò ní pa á. Yóò gbé e lọ sínú fóldà mìíràn tó ní déètì ọjọ́ náà. Tilé á bá tòkè dọ́gba, ti àná á sì wà níbi tí o ti lè rí i.

Ọmọ mi, bí drive rẹ bá ń jẹ́ E: lórí Windows, tí Ubuntu ń pè ní /mnt/e, àṣẹ náà rèé, orí ìlà kan ni gbogbo rẹ̀:

rsync -rtvPn --delete --backup --backup-dir=/mnt/e/atijo/$(date +%F) omo@server:/home/omo/waasi/ /mnt/e/waasi/

Orúkọ tìrẹ ni kí o fi dípò "omo", àdírẹ́sì server rẹ ni kí o fi dípò "server".

Wo lẹ́tà n tó wà nínú -rtvPn. Òun ni kò ní jẹ́ kó ṣe nǹkan kan ní tòótọ́. Yóò kàn ka ohun tó fẹ́ ṣe sí ọ létí ni. Kà á, kí ọkàn rẹ balẹ̀, kí o tó yọ n kúrò. Ìlà èyíkéyìí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "deleting", dúró lórí rẹ̀.

Wo slash tó parí waasi/ ní ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú fóldà ló máa kó. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò gbé fóldà fúnra rẹ̀, wàá sì bá waasi nínú waasi.

Àwọn kan á ní kí o fi -a dípò -rt. Orí Linux sí Linux, òun ló dáa. Orí drive Windows, á kàn máa ráhùn nípa ẹni tó ni fáìlì. -z ńkọ́? Fún MP3 àti fọ́tò JPEG, asán ni, wọ́n ti fún wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí àwọn ará ilé bá ń pariwo pé o gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ wọn lọ́wọ́, fi --bwlimit=300 kún un, kò ní fà ju 300 KB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Igbómìnà_Pọ́ńbélé

Ìbéèrè ẹni tí kò mọ̀: kí ló dé tí server ò kúkú máa fi ránṣẹ́ sílé fúnra rẹ̀? Kí arábìnrin wa máa sùn.

Ṣàngó_Terminal

Ìdí méjì. Àkọ́kọ́, server ò rí ilé wa. Àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì wa sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, nítorí náà àwa lè kàn sí Jámánì, Jámánì ò lè kàn ilẹ̀kùn wa. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù: bí server bá ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, ẹni tó bá jí server gbé ti jí kọ́kọ́rọ́ ilé pẹ̀lú, yóò pa méjèèjì rẹ́. Ilé ni kí ó máa lọ fà á. Server ò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀dà náà wà.

Kọ́kọ́rọ́ SSH ni kí arábìnrin wa fi wọlé, ssh-keygen -t ed25519, kó sì fi gbólóhùn ìpamọ́ dáàbò bò ó.

Ọmọ_Oníwàásí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àdúrótì. Mo ti pe àṣẹ náà pẹ̀lú n, gẹ́gẹ́ bí Alhaji ṣe sọ. Lẹ́yìn tí mo ti fa apá kan wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mo rí lónìí rèé:

deleting ramadan_98/tafsiri_oru_kerin.wav
deleting ramadan_98/tafsiri_oru_keta.wav
deleting ramadan_98/

Àyà mi já. Mo pe ẹ̀gbọ́n, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní KWASU, ló wọ server, tó yí orúkọ fóldà náà sí "1998 Ramadan" kó lè dára lójú. Ohùn náà ò sọ nù.

Nítorí orúkọ nìkan, ó tún fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé tuntun ni. Ṣé kò mọ̀ pé òun kan náà ni?

Alhaji_Kọ̀ǹpútà

Kò mọ̀. Orúkọ ló fi ń dá fáìlì mọ̀. Yí orúkọ fóldà tilé padà kó bá tòkè mu kí o tó yọ n, kò ní fa nǹkan kan. Kí o sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó ní ọ̀nà àbáwọlé tirẹ̀ tó lè kà nìkan, tí kò lè kọ.

Ọ̀rọ̀ fáìlì .wav tí mo rí yìí ló sọ ìdí tí ẹrù yín fi wúwo. WAV tí wọ́n gbà bíi ti CD ń jẹ bíi 10 MB ní ìṣẹ́jú kan. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 950 MB. MP3 ní 128 kbps ò ní tó 90 MB fún kásẹ́ẹ̀tì kan náà, ṣùgbọ́n ó ń gé nínú ohùn, ohun tó bá sì gé kò ṣe é dá padà. Fi FLAC, irú fáìlì ohùn mìíràn, ṣe é. Ó máa ń dín in kù gan-an, nígbà mìíràn dé ìdajì, kò sì gé nǹkan kan. Ṣe MP3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ lórí WhatsApp.

Ìyá_Fọ́tò

Àbúrò mi, ǹjẹ́ o ti ṣí èyíkéyìí nínú èyí tó ti dé ilé wò?

Ọmọ_Oníwàásí

Rárá o, Ìyá wa. Mo rí i pé iye fáìlì pé, ìwọ̀n rẹ̀ náà pé.

Ìyá_Fọ́tò

Ṣí i. Má ṣí i lórí láàpútọ́ọ̀pù yẹn o. Yọ drive náà, fi sára kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò mọ server rárá, kí o mú fáìlì mélòó kan láàárín, kì í ṣe ti òkè nìkan, kí o gbọ́ ọ dé òpin.

Ẹ rántí GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan pa database (àkójọ dátà wọn) rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Ọ̀nà backup márùn-ún ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé kò sí ìkankan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ti ń kùnà torí pé irinṣẹ́ tí wọ́n lò ti gbó ju database lọ, ìmeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì wọlé. Ẹ̀dà tí ẹnìkan ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n.

Bí ẹ bá ní ìkànnì WordPress lórí server bíi tèmi, ẹ ò gbọ́dọ̀ kàn fa fóldà MySQL, ibi tí database ìkànnì náà wà, wálẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. mysqldump --single-transaction ni kí ẹ fi kọ ọ́ sínú fáìlì kan ná, kí rsync wá gbé fáìlì yẹn. Ti Ọmọ Oníwàásí ò ní database nínú, mo kàn ń sọ fún àwọn tó ń kà á láìdáhùn ni. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀.

Ọmọ_Oníwàásí

Mo ti ṣe bí Ìyá Fọ́tò ṣe wí. Mo gbé drive lọ sára kọ̀ǹpútà àbúrò mi, mo mú fáìlì láàárín, mo pe Màámi kí wọ́n wá gbọ́. Ohùn jáde, ó mọ́ gaara. Màámi tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe bàbá rẹ. Alfa tó máa ń wá kí wọn láti Ṣàárẹ́ nìyí."

A yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára kásẹ́ẹ̀tì ló kọ orúkọ Bàbá sí i. Ó ti wà lórí server láti ọjọ́ yìí, orúkọ Bàbá la fi pè é.

Mo ti wá ń kọ fáìlì ọ̀rọ̀ kan sínú fóldà kọ̀ọ̀kan báyìí: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo, Màámi ló sọ bẹ́ẹ̀ tàbí ara páálí la ti kà á. Ẹ wò ó, kò sí bí mo ṣe lè bi Màámi títí láé.

Igbómìnà_Pọ́ńbélé

Ẹ bá mi kí Màámi o. Etí wọn ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ fi ẹ̀dà ti alfa Ṣàárẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ní ohùn bàbá wọn rárá.

Ọmọ_Oníwàásí

A ti ń wá wọn, in shaa Allah.

Ìbéèrè méjì ló kù. Mo fẹ́ kí fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n máa gbé bọ̀ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá rí drive he ló máa rí wọn. Ìkejì, ṣé kí n fi àṣẹ náà sí aago kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní òru?

Ṣàngó_Terminal

Fún fọ́tò, ẹ lo restic, irinṣẹ́ backup mìíràn. Ó ń ti gbogbo ohun tó bá gbà pa, ó sì ń tọ́jú ti àná, ti ìjẹta, ti oṣù tó kọjá, láìkó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Restic check á sọ bóyá ó ṣì pé, restic restore á gbà á padà. Kókó ibẹ̀ ni pé bí password rẹ̀ bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i láyé yìí, àwọn tó kọ restic pẹ̀lú. Kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé, kí ìwé náà má sí nínú àpótí kan náà pẹ̀lú drive.

Ohùn Bàbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Wàásí ni, gbogbo èèyàn ló ṣe é fún. Lọ́jọ́ iwájú, kí ọmọ ọmọ yín kàn fi drive sára ẹ̀rọ kó gbọ́ ọ ni.

Alhaji_Kọ̀ǹpútà

Nípa aago: mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ rò ó wò. Láti ṣiṣẹ́ ní òru, drive gbọ́dọ̀ wà lára láàpútọ́ọ̀pù lálẹ́ gbogbo. Bí iná bá ya wọlé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, yóò jó méjèèjì pọ̀. Bí kòkòrò tó ń ti fáìlì pa bá wọ Windows, lẹ́tà E: wà níbẹ̀, yóò tì í pa pẹ̀lú. Drive tó wà nínú dúrọ́ọ̀, nǹkan wọ̀nyẹn ò lè kàn án.

Nítorí náà, fi ọwọ́ ṣe é. Mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa kan ń ṣe é ní Sunday bí wọ́n bá ti dé láti àsàlátù. Kọ àṣẹ náà sínú fáìlì kan kí o má baà máa tẹ̀ ẹ́ lọ́tun lọ́tun, kí o sì fi ìlà yìí ṣáájú rẹ̀:

[ -f /mnt/e/drive_baba ] || exit 1

Ṣe fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ drive_baba sórí drive náà. Bí drive ò bá sí lára ẹ̀rọ, àṣẹ á dúró. Bí kò bá sí ìlà yẹn, rsync lè rí /mnt/e tó ṣófo, kó bẹ̀rẹ̀ sí kó 180 GB sínú láàpútọ́ọ̀pù rẹ títí yóò fi kún.

Bí o bá ki drive bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí Ubuntu ti ṣí, tí kò rí i, pe èyí:

sudo mount -t drvfs E: /mnt/e

Ọmọ_Oníwàásí

Ó rí i. Ó ti ń lọ. Jazakumullahu khairan. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bi yín: drive tí òun máa fi sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ṣé SSD, drive tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni kóun rà, torí pé ó yára?

Ṣàngó_Terminal

Rárá o. Fún ohun tó máa wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìrí iná, hard drive ayíbírí lásán ni. Owó rẹ̀ kéré, SSD tí kò bá rí iná fún ọdún gbọọrọ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé. Kí ẹ̀gbọ́n máa fi í sára ẹ̀rọ nígbà tó bá ń bọ̀ wálé, kó pe restic check lórí rẹ̀, kó tó dá a padà sí dúrọ́ọ̀.